Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àbí ẹlẹ́sẹ̀ méjì: páwà báìkì wo ló yẹ ká fi rìnrìn àjò láti Ìbàdàn?

Kò sí ìbéèrè tí àwọn oníbàárà ń bi mí ju èyí lọ báyìí: "Ọ̀gá mẹkáníìkì, ṣé kí n ta Gold Wing mi, kí n fowó kún un, kí n ra ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn?" Agbègbè Ring Road ni ṣọ́ọ̀bù mi wà níbí ní Ìbàdàn, páwà báìkì nìkan ni mo sì ń tún ṣe. Mo ti tú àwọn méjèèjì palẹ̀, mo ti tò wọ́n padà, mo sì ti gùn wọ́n jáde ìlú. Owó tó ń wọ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ohun tí mo rí.

Ibi tí mo dúró sí rèé. Fún irú ọ̀nà tí a ní, ẹlẹ́sẹ̀ méjì ṣì ni mo fara mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gan-an ló yẹ wọ́n, mi ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí èèyàn lọ rà á nítorí pé wọ́n ní kò sí ohun tí èèyàn máa kọ́ níbẹ̀. Irọ́ ni.

Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mò ń sọ o. Can-Am Spyder RT ni, tí ilé iṣẹ́ BRP ní Kánádà ń ṣe. Márúwá ní taya kan níwájú àti méjì lẹ́yìn. Spyder ní méjì níwájú àti ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́yìn. Ọdún 2007 ni Spyder àkọ́kọ́ jáde, RT tí wọ́n dìídì ṣe fún ìrìn àjò sì tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí báìkì ọdún 2010. Ẹ́ńjìnnì Rotax ló ń lò. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 998 cc oní sìlíńdà méjì, ooru rẹ̀ sì máa ń jó èèyàn lẹ́sẹ̀ nínú oòrùn tiwa yìí. Láti 2014 ni wọ́n ti fi 1330 cc oní sìlíńdà mẹ́ta sí i, èyí tó tutù jù ú lọ, tó sì lágbára jù ú lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ má ra èyí tó wá ṣáájú 2014. Harley-Davidson náà ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, Tri Glide, àmọ́ taya méjì tirẹ̀ wà lẹ́yìn. Spyder ni mo máa dúró lé lórí, torí òun ni wọ́n ń gbé wá bá mi.

Lápá ẹlẹ́sẹ̀ méjì, Honda Gold Wing ni. Ọdún 1975 ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 1000 cc, nígbà tó sì di 2001 ó ti di 1832 cc oní sìlíńdà mẹ́fà. Tèmi jẹ́ 2008. Tí epo bá kún inú rẹ̀, ó lé ní 400 kìlógíráàmù.

Ẹ fara balẹ̀ síbi tó kàn yìí. Ẹni tó ti gun ẹlẹ́sẹ̀ méjì pẹ́, tó ti mọ́ ọn lára, òun gan-an ni Spyder lè ṣe ní jàǹbá ju ẹni tí kò gun báìkì rí. Ọwọ́ ló ń dá a. Tí ẹ bá ń sáré lórí Gold Wing, tí kọ́nà ọ̀tún bá dé, ẹ ò kì í yí ọwọ́ báìkì sí ọ̀tún. Ńṣe lẹ ń fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún tì í síwájú díẹ̀; báìkì á dà sí ọ̀tún, á sì gba ọ̀tún lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò tiẹ̀ mọ̀ pé ohun tí à ń ṣe nìyẹn, ara ló ti gbà á. Ẹ wá gbé ọwọ́ kan náà dórí Spyder. Kò lè dà, torí taya méjì ló dúró níwájú. Tẹ́ ẹ bá ti apá ọ̀tún síwájú, òsì ni àwọn taya máa yà sí, òsì náà lẹ máa lọ. Lójú ọ̀nà tí wọn ò pín sí méjì, ibi tí tírélà ti ń bọ̀ nìyẹn.

Oníbàárà mi kan, Dádì tó ti fẹ̀yìn tì nílé ìfowópamọ́, ra RT ọdún 2015 lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí i lórúnkún. Mo mú un lọ sí títì kan lọ́nà Mọ́níyà níbi tí ọkọ̀ ò ti pọ̀, mo to àwọn òkúta sílẹ̀ pé kó máa gba àárín wọn. Òkúta àkọ́kọ́ ló forí sọ.

"Dádì, ẹ má tì í o! Ẹ fà á!"

"Mo ṣáà ń fà á."

"Títì lẹ ń tì í, Dádì. Ẹ wo èjìká yín."

Ó wo èjìká rẹ̀ lóòótọ́, ó rí i pé iwájú ló ń lọ. Ó bọ́ akoto. "Ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́ ni ọwọ́ yìí ti mọ bí wọ́n ṣe ń gun báìkì. Ó sì ní láti kọ́ ọ lákọ̀tun báyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Kò bínú. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, ó ti ń fi ọwọ́ òsì tì, tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fà, àwọn òkúta náà sì wà níbi tí mo tò wọ́n sí.

Bíréèkì náà ńkọ́? Kò sí bíréèkì ọwọ́ lórí Spyder rárá. Ẹyọ kan ṣoṣo tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń mú taya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó máa ń mú dáadáa, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ bí ewúrẹ́ bá já lu títì lójijì, ìka ẹni tó ti mọ́ lára ẹlẹ́sẹ̀ méjì á kọ́kọ́ nà jáde lọ wá bíréèkì ọwọ́, kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀, ìgbà náà ni ẹsẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Báìkì á ti sún síwájú gan-an kó tó rántí. Ti jíà rọrùn ní tirẹ̀: èyí tí wọ́n ń pè ní SE6 kò ní kílọ́ọ̀ṣì, àtàǹpàkò òsì lẹ ó fi máa gbé jíà sókè, bẹ́ ẹ bá sì ti ń rọra, fúnra rẹ̀ ló máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ kòtò, ibẹ̀ ni mo ti gba ti ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Gold Wing ń fi taya méjèèjì tẹ ojú ìlà kan náà. Bí ilẹ̀ tó dáa ò bá ju fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ láàárín kòtò sí kòtò, ẹ lè gba orí rẹ̀ kọjá. Mọ́tò ní tirẹ̀ lè fi kòtò sáàárín, kí taya òsì gba òsì, kí ti ọ̀tún gba ọ̀tún. Spyder ò lè ṣe bíi báìkì, kò sì lè ṣe bíi mọ́tò. Ìlà mẹ́ta ló ń tẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fi kòtò sáàárín taya iwájú méjèèjì, ẹyọ ẹ̀yìn á já sínú rẹ̀ gbì, ẹ̀yìn ẹni tó jókòó lórí rẹ̀ ló máa ròyìn. Bẹ́ ẹ bá gbé taya ẹ̀yìn sá fún un, ọ̀kan nínú ti iwájú ló máa kó sí i. Láti Aṣéjìrẹ́ lọ sí Ìkírè, níbi tí ọ̀dà bá ti ṣí, mo máa ń yan èyí tí mo máa fara mọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ikùn rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sílẹ̀. Àwọn òkè tí wọ́n ń fi sìmẹ́ńtì mọ sójú títì ládùúgbò, ẹ rọra gùn ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó gbọ́ ariwo tí ẹ ò fẹ́ gbọ́.

Ṣùgbọ́n lórí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n tún ṣe, tí kì í ṣe kòtò lèèyàn ń wò mọ́, Spyder dùn ún gùn. Ó tó 127 kìlómítà láti ìlú kan sí èkejì, ọwọ́ kì í sì í ro èèyàn. Bí tírélà bá sáré kọjá, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kàn máa mì díẹ̀ ni. Iyanrìn tó máa ń kóra jọ sí etí títì lẹ́yìn òjò, tó jẹ́ ọ̀tá ẹlẹ́sẹ̀ méjì pátápátá, kò rí Spyder gbé ṣe. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ náà ò sùn: bẹ́ ẹ bá fi eré tó pọ̀ jù wọ kọ́nà, á dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, á tẹ bíréèkì fún taya tó yẹ, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan kan dá yín dúró.

Nínú ìlú ńkọ́? Spyder fẹ̀ ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Ó fẹ̀ ju Márúwá lọ. Ní Ìwó Road lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá le, Márúwá á ráyè kọjá, ọlọ́kadà á kọjá, ẹni tó gun Spyder á sì dúró sáàárín mọ́tò pẹ̀lú akoto lórí. Gold Wing, pẹ̀lú gbogbo bó ṣe tóbi tó, kò fẹ̀ tó mítà kan. Bẹ́ ẹ bá fara balẹ̀, ẹ ó rọ́nà.

Ìdúró ni Gold Wing ò ti lè bá Spyder dọ́gba. Ìlú olókè ni Ìbàdàn. Bí ọkọ̀ iwájú bá dúró lójijì níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mọ́kọ́lá, tí ìyàwó yín wà lẹ́yìn, tí ẹrù kún àpótí, ẹsẹ̀ yín nìkan ló máa gbé gbogbo ìwọ̀n yẹn dúró. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ òkúta wẹ́wẹ́, ó ti dà nìyẹn, ẹnì kan ò sì rọrùn láti dá a gbé dìde. Lórí Spyder, ẹsẹ̀ ò ní kan ilẹ̀. Ẹ ó tẹ bíréèkì, ẹ ó jókòó jẹ́ẹ́. Fún Dádì tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohun tó dá a padà sójú ọ̀nà nìyẹn. Dókítà ti sọ pé orúnkún yẹn ò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan tó wúwo mọ́. Òun àti Mọ́mì ti tún ń lọ sí Ọ̀yọ́ báyìí. Ta ló máa wá sọ fún mi pé ohun tó gùn kì í ṣe báìkì?

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ẹni ẹ̀yìn náà, torí a kì í sábà bi wọ́n. Ìyá àwọn ọmọ mi ti bá mi lọ sí Ifẹ̀ lórí méjèèjì. Ó fẹ́ràn ìjókòó Spyder, ibi ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àpótí rẹ̀ náà gba ẹrù: 155 lítà lápapọ̀, kódà ọ̀kan wà níwájú níbi tí èèyàn rò pé ẹ́ńjìnnì ló máa wà. Ti Gold Wing tèmi jẹ́ 147. Ṣùgbọ́n gbogbo kọ́nà ló ń ké sí mi létí pé, "Bàbá Ìbejì, nǹkan yìí ń jù mí síta o!" Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí báìkì bá dà, ara gbogbo wa á jọ dà pẹ̀lú rẹ̀, ìdí ò ní kúrò lórí ìjókòó. Spyder ò dà, torí náà ara ni kọ́nà máa ń fà lọ sí ìta, àfi kéèyàn di ibi ìdìmú mú, kó sì tẹ ara sí inú kọ́nà. Nígbà tí a dúró ra dòdò Ìkírè, ó ní apá ń ro òun. Lórí Gold Wing, ńṣe ló máa ń tòògbé.

Àtúnṣe nìyí. Gold Wing kì í dààmú èèyàn: irin ló ń gbé agbára lọ sí taya ẹ̀yìn, kò ní ṣéènì, kò ní bẹ́líìtì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì lálòpẹ́ bẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Spyder ń lo bẹ́líìtì, òkúta wẹ́wẹ́ tó bá sì há sí i lè bà á jẹ́, nítorí náà ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀nà eléruku. Taya ẹ̀yìn rẹ̀, 225/50R15, máa ń jẹ láàárín kíákíá ju ti iwájú lọ. Ẹ má dúró dìgbà tó bá jẹ tán kẹ́ ẹ tó wá òmíràn, torí fọkanáísà àdúgbò yín ò ní in nílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá lọ wo tòkunbọ̀ Spyder, bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Bátìrì tí kò lágbára máa ń jẹ́ kí iná ìkìlọ̀ oríṣiríṣi tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, rewáyà tí kò mọ̀ ọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ gbé e sí rìfáàsì, kẹ́ ẹ rí i pé ó ń lọ sẹ́yìn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì bíréèkì ìdúró lórí òkè, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó mú. Ẹ wá wá ojú ọ̀nà tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gùn ún. Bó bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, taya iwájú méjèèjì ò kọjú síbì kan náà, ó sì lè jẹ́ pé ó ti forí sọ nǹkan rí lókè òkun kí wọ́n tó kó o wá. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún wò kó tó náwó, kó wá bá mi ní àárọ̀ Sunday kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú títì. Kó mú akoto tirẹ̀ dání.