Aràn, Ketrax àti ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá: bí REU ṣe rí lójú tèmi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí láti oṣù tó kọjá pé ṣé REU yìí lérè, àbí kéèyàn kúkú fi sọ́mà ṣiṣẹ́ ní wíáháòsì kó rówó gidi kó jọ, ẹ wá gbọ́ tẹnu mi. Mo ti ṣe é tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá gbáko, mo sì ti sùn dáadáa kí n tó jókòó kọ èyí, torí ká ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo kọ ọ́ ni, èébú nìkan lẹ ò bá kà.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n: Research Experiences for Undergraduates ni. NSF, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sí sáyẹ́ǹsì, ló ń gbé owó ẹ̀ kalẹ̀, ó ti wà láti 1987. Yunifásítì á gbowó, á kó akẹ́kọ̀ọ́ bíi mẹ́wàá jọ láti ilé-ìwé káàkiri, wọ́n á fún yín ní yàrá àti owó ọ̀sẹ̀, ẹ̀yin náà á wọ láàbù. Sítísìn àti ẹni tó ní green card ni owó NSF yìí wà fún o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1 ẹ má lọ fi gbogbo Kérésì kọ létà lásán, ètò tí ilé-ìwé fúnra wọn ń náwó sí ni kẹ́ ẹ wá. Oṣù kìíní sí oṣù kejì ni ọ̀pọ̀ wọn ń ti ìforúkọsílẹ̀, yìnyín ṣì wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Ibi mẹ́sàn-án ni mo kọ ọ́ sí. Méje ní rárá, ọ̀kan ò tíì fèsì títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí, ọ̀kan gbà mí.

Láàbù aràn ni wọ́n fi mí sí. Bí mo ṣe pe mọ́mì mi tí mo sọ fún wọn, wọ́n ní, "Aràn kẹ̀? Aràn tí mo fi Ketrax lé jáde nínú yín ní Ìbàdàn, òun lo tún lọ ń sìn l'Amẹ́ríkà?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ kejì ni mo wá rí i pé levamisole, oògùn tó wà nínú Ketrax gan-an, wà nínú fíríìjì láàbù wa, òun la fi ń ṣiṣẹ́. Ṣe ló máa ń mú kí iṣan aràn sún kì, á le gbagidi, kò ní lè mira mọ́, ìyẹn ló ṣe ń bá ìgbẹ́ jáde lára ọmọdé. Mo pe mọ́mì padà kíá.

Aràn tiwa kì í gbé inú èèyàn ṣá. C. elegans ni, ìdí èso tó ti jẹrà lẹ ti máa rí i, kò ju mílímítà kan lọ, ara ẹ̀ mọ́ gaara débi pé ẹ̀ ń wo ẹyin nínú ikùn ẹ̀ lábẹ́ maikirosikóòpù. Neuron, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn kiri inú ara, 302 péré ló ní, wọ́n ti kà á tán pátá. Ẹ̀bùn Nobel tí wọ́n ti tara ẹ̀ gbà ò kéré, ti Ambros àti Ruvkun, onísáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà méjì, ní 2024 wà lára ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, iṣẹ́ mi ò ju kí n fi wáyà tín-ín-rín ṣa aràn láti abọ́ kan sí òmíràn, kí n fi iná jó wáyà, kí n tún ṣa. Mo pa wọ́n bí ẹní pa eṣinṣin. Ọ̀sẹ̀ kẹta gbogbo abọ́ mi bu, funfun tó ń hù sórí búrẹ́dì yẹn náà ni, mo bẹ̀rẹ̀ látorí òfo.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé. A máa ń fi bakitéríà kan bọ́ àwọn aràn yìí tí á pa jíìnì kan (àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń darí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́) lẹ́nu mọ́ nínú wọn, ká wá kó wọn sórí levamisole, èmi á máa fi wáyà tọ́ wọn nímú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, màá kọ iye tí ò mira mọ́ sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ó dùn bí oyin, àwọn tí a pa jíìnì wọn lẹ́nu mọ́ ò tètè le bí àwọn tí a ò pa tiwọn. Mo ti ń ro pósítà lọ́kàn, ìyẹn bébà ńlá tá a máa fi ṣàfihàn èsì wa níparí. Akẹ́kọ̀ọ́ PhD tó ń kọ́ mi níṣẹ́, sístà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ò sọ nǹkan kan, ó kàn kó abọ́ tuntun wá lọ́jọ́ kejì, ó ti fi téèpù bo orúkọ wọn, nọ́ńbà nìkan ló kọ sí i, ó ní kí n kà á. Nígbà tá a ṣí téèpù, kò síyàtọ̀ kankan láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta la tún un ṣe, ibì kan náà ló ń já sí.

Mi ò purọ́ o, mi ò yí nọ́ńbà kankan. Aràn tó bá kàn gbọ̀n fín-ín, tó bá wà lábọ́ àwọn tí a pa jíìnì wọn lẹ́nu mọ́, mo ti kà á mọ́ èyí tó ń mira, tó bá wà lábọ́ kejì, ó ti tán fún un. Ojú ara mi ló ń ṣe màkàrúrù fún mi. Mo sunkún ní tọ́yílẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò sí kíláàsì tó kọ́ mi nìyẹn rí, torí ní kíláàsì, wọ́n ti mọ èsì kẹ́ ẹ tó wọlé, tí tìẹ bá yàtọ̀, ìwọ lo ṣàṣìṣe. Ohun tí mo kọ sí pósítà lọ́sẹ̀ kẹwàá ni pé a ò ríyàtọ̀. Mo rò pé wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan wá dúró níbẹ̀ tó ogún ìṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ téèpù yẹn ló ń bi mí ṣáá.

Èyí tí ò dáa: ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni láàbù, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré la fojú kanra, ìrìn-àjò ni ṣáá, tí kì í bá ṣe sístà yẹn mi ò bá ti gbé báàgì mi lọlé. Kẹ́ ẹ tó gba ibi kankan, ẹ béèrè ẹni tí á máa wà pẹ̀lú yín lójoojúmọ́. Owó wá dé lọ́sẹ̀ kẹrin, lẹ́yìn ímeèlì bíi méje, mọ́mì mi ló ń fowó oúnjẹ ránṣẹ́ sí mi. Wọn ò sì yọ owó orí nínú ẹ̀, ẹ máa tọ́jú díẹ̀ sápá kan, torí IRS, àjọ agbowó orí Amẹ́ríkà, ò ní gbàgbé yín.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọ̀kan tí mo yọ, ti owó tó pẹ́ ni. Mọ́mì mi ní kí n yọ méjì.