Instax Mini 11 ní Kubwa: kámẹ́rà tí kì í ní ẹ̀dà kejì

Kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ẹni tó bá ń wá kámẹ́rà tí yóò fi máa pawó níbi ìgbéyàwó ní Abuja, èyí kọ́. Kámẹ́rà Fujifilm tó ń tẹ fọ́tò jáde lójú ẹsẹ̀ ni Instax Mini 11, fọ́tò rẹ̀ sì kéré. Tòun ti etí funfun rẹ̀, ó tó káàdì ATM, ojú àwòrán gan-an kò sì ju mìlímítà 62 sí 46 lọ. Canon ni èmi fi ń jẹun ní òpin ọ̀sẹ̀. Instax yìí, ti ara mi ni mo rà á fún, mo sì ti lò ó tó láti mọ ibi tó dáa sí àti ibi tó ti ń bí mi nínú.

Lílò rẹ̀ kò le. Bátìrì AA méjì, irú èyí tí à ń kì sí aago ògiri. Páálí fíìmù kan, fọ́tò 10. Tí ẹ bá ti ki páálí sí i, ẹ tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan kí ìbòrí dúdú jáde, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn á sì máa ka ìyókù fún yín. Ẹ má ṣí i títí fíìmù á fi tán, ìmọ́lẹ̀ á ba èyí tó kù jẹ́. Fọ́tò á jáde ní funfun, nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lẹ́yìn náà, ojú èèyàn á ti yọ. Gbogbo ayé ló máa ń fẹ́ gbọ̀n ọ́n. Gbígbọ̀n kò mú un yá.

Màmá kan ń ta èlùbọ́ ní ọjà Kubwa, ará Ọ̀fà ni wọ́n. Àìmọye fọ́tò wọn ló wà lórí fóònù mi tí wọn kò rí rí, wọn kì í tilẹ̀ gbójú sókè tí mo bá ń yà á. Lọ́jọ́ tí mo mú Instax lọ, ọ̀rọ̀ yí padà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà yín."

"Báyìí? Tèlùbọ́ tèlùbọ́? Dúró ńbẹ̀ jàre."

Wọ́n nu ojú, wọ́n tún gèlè wé, wọ́n fi ìdí lé àpótí, wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, wọ́n sì na ọrùn. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Bí àwọn àgbà ṣe ń jókòó nínú fọ́tò tó wà lára ògiri pálọ̀ ilé wa gẹ́lẹ́ nìyẹn. Kí fọ́tò tó yọ tán, ọmọ wọn obìnrin ti na ọwọ́: "Èmi ni màá mú un." "Mú kí ni? Ojú tìẹ ló wà níbẹ̀ ni?" Wọ́n bá yíjú sí mi, wọ́n ní kí n bá àwọn fọ òmíràn. Mo ní kò ṣeé fọ̀, kò ní nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀dà fọ́tò. Màmá ló mú un. Ọmọ náà ò dá mi lóhùn mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ní àwọn ọdún 1970, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò, àwọn ayàwòrán Ìlá Ọ̀ràngún máa ń ya èyí tó wà láàyè nìkan, wọn á wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan náà kí àwọn méjèèjì lè jọ jókòó. Tó bá jẹ́ akọ àti abo, ọmọ kan yẹn á wọ aṣọ ọkùnrin, á tún wọ ti obìnrin. Nẹ́gátíìfù ló gbà wọ́n láyè. Instax ò lè ṣe é. Ẹyọ kan tó jáde, ọwọ́ ẹnì kan ló ń bọ́ sí. Òun ló sọ mí di ẹni tó ń bi ara rẹ̀ kó tó tẹ bọ́tìnnì pé ta ni mo ń ya eléyìí fún. Canon ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Oníbàárà ti sanwó, ó parí. Nínú àwọn ayàwòrán òkè ọya lónìí, Fati Abubakar ni mo rò pé ó mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn jù. Ọmọ Maiduguri ni, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ Bits of Borno, ojú ìwé àwòrán rẹ̀ lórí ayélujára, ní 2015, nígbà tó jẹ́ Boko Haram nìkan ni ayé ń gbọ́ láti ibẹ̀. Ọlọ́jà, ọmọléèwé, èèyàn tó ń gbé ìgbé ayé rẹ̀ ló ń yà. Lójú tèmi, ará ìlú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yà á fún, kó tó kan àwa ará ìta.

Ẹ jẹ́ ká dé orí ẹ̀dùn ọkàn mi. Fúláàṣì rẹ̀ kò ṣeé pa, ó gbọ́dọ̀ tàn, kódà kí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ máa sùn níwájú yín. Agbára rẹ̀ kò sì kọjá mítà 2.7, nítorí náà nínú ilé, ẹni iwájú á hàn, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣókùnkùn biribiri. Tí ẹ bá sún mọ́ èèyàn jù, iwájú orí tó fi páódà sí á funfun pátápátá. Ihò tí à ń gbà wò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ǹsì ni, kò sí láàárín, nítorí náà tó bá jẹ́ àwòrán ìtòsí, ohun tí ẹ rí kọ́ ló máa jáde, orí lè gé.

Ooru tún ńkọ́? Fujifilm ní kò yẹ kó kọjá 40°C. Ẹni tó bá ti gbé ọkọ̀ sójú oòrùn Abuja lóṣù Kẹta mọ̀ pé inú ọkọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa, ẹ má fi kámẹ́rà tàbí fíìmù síbẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń lẹ̀ mọ́ rólà tí fọ́tò ń gbà jáde, á sì fi àmì tó-tò-tó sí i lára. Aṣọ gbígbẹ ni mo fi ń nù ún tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ páálí.

Fíìmù ló ń gbówó, owó rẹ̀ sì ń tẹ̀lé dọ́là. Ilé ìtajà kan ní Wuse ta páálí fún mi, wọ́n lẹ iye owó mọ́ ibi tí ọjọ́ ìparí wà. Ìgbà tí mo ṣí bébà yẹn nílé ni mo rí i pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá tipẹ́. Àwọ̀ fọ́tò náà rí bàìbàì, ilé ìtajà ò sì gbà á padà. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i hàn yín kí ẹ tó sanwó.

Ẹni tí kò tíì rà rárá, kó lọ mú Mini 12 tó jáde ní 2023. Wọ́n ti tún ihò ìwòran yẹn ṣe fún àwòrán ìtòsí. Fíìmù kan náà ni méjèèjì ń lò, nítorí náà ẹni tó bá ti ní 11 lọ́wọ́ kó fi owó rẹ̀ ra fíìmù.