Ọta tí mo rà l'Ádó: ó wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń dáhùn

Ẹ̀yin ọdẹ ẹgbẹ́ mi, ọta nọ́ńbà 4 ni mo rà ní ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà Ìkẹ̀rẹ́. Wọ́n yẹ ìwé àṣẹ ìbọn mi wò dáadáa kí wọ́n tó tà á. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Owó rẹ̀ ga, mi ò ní purọ́.

Ìdí ọta yìí ló mú mi. Bọ́tìnì roboto tí irin inú ìbọn máa ń gbá, tó ń ran iná sí ẹ̀tù, ń dán, ó sì bá ìdí ọta dọ́gba. Ti ibi tí mo ti ń rà tẹ́lẹ̀ ti dípẹtà. Ẹ ó fa ìbọn, ẹ ó gbọ́ “kẹ́”, kó tó wá dún “gbòó”. Ẹnu ìbọn á ti yẹ̀, ọ̀yà á ti kọjá, ewé ẹ̀gẹ́ lọta máa bà. Àwọn tó ń di ọta fúnra wọn l'Ámẹ́ríkà tilẹ̀ máa ń pààrọ̀ bọ́tìnì yìí nìkan, kí wọ́n lè mọ èyí tó bá ìbọn wọn mu.

Bí ó bá kọ̀ tí kò dún, ẹ má tètè ṣí ìbọn o! Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò sí èèyàn fún 30 ìṣẹ́jú àáyá, ó kéré tán.

Páálí rẹ̀ ni kò dáa, ìrì lásán ti rọ̀ ọ́. Inú ike onídèérí ni mo kó tèmi sí. Màá tún rà sí i kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé.