Sọ́fítíwíà mẹ́ta tá a gbìyànjú fún òwò àdìrẹ màmá mi ní Ìtòkú

Ọdún méjì gbáko la fi ń pààrọ̀ sọ́fítíwíà kiri ká tó rí èyí tó bá iṣẹ́ wa mu, mo wá ní kí n kọ ọ́ síbí, bóyá oníṣẹ́ ọwọ́ kan l'Abẹ́òkúta á rí i kó tó náwó. Màmá mi ní ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ ní Ìtòkú, ibi tá a ti ń rẹ aró wà ní Aṣerò, àwa mẹ́fà la sì ń fọwọ́ kan owó tàbí ọjà lójúmọ́. Tẹ́lẹ̀, inú ìwé ńlá kan báyìí àti inú orí màmá ni gbogbo ẹ̀ wà. Ìgbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan la wá rí i pé "Ìyá Ìbejì" mẹ́ta ló jẹ wá lówó nínú ìwé yẹn, a ò sì mọ èwo ni èwo.

Àkọ́kọ́, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ti orí fóònù ni, oṣooṣù la ń sanwó. Kò burú fún ẹni tó ń ra mílíìkì tó sì ń tà á bó ṣe wà nínú páálí. Ṣùgbọ́n àwa ò kì í ta ohun tá a rà! Ìgàn aṣọ funfun la ń rà, a gé e ní yáàdì márùn-ún márùn-ún, a dì í tàbí ká ta àbẹ́là sí i, a wá rẹ ẹ́. Sọ́fítíwíà yẹn ò mọ ìyẹn, lójú tiẹ̀ ìgàn ṣì wà nílẹ̀ digbí, àdìrẹ tá a tà ò sì ní orísun. Kọ́sítíìkì sódà ńkọ́? Aró ńkọ́? Ó kàn ń fi èrè hàn wá lóṣooṣù, èrè tí ẹnì kankan ò rí nínú àpò. Lọ́jọ́ tí káàdì báńkì wa kọ̀ láti sanwó, wọ́n tì wá síta, ọjọ́ mẹ́rin la ò fi rí ìwé gbèsè ara wa wò.

Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé ERP là ń wá, ìyẹn èyí tó so ọjà rírà, stọ́ọ̀, iṣẹ́ ṣíṣe, títà àti àwìn pọ̀ sójú kan. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ká ra SAP, ti àwọn ará Jámánì tó ti wà láti 1972. Ẹ̀gbọ́n, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́ o, ìyẹn kọjá wa.

A wá gbìyànjú Odoo, ti Bẹ́ljíọ̀mù. Ojú ẹ̀ dáa, àwọn ọmọ iṣẹ́ tètè mọ̀ ọ́n lò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ kí apá ibi tá a ti ń ta ọjà ṣì máa ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ti ṣí i sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ Community jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ ìṣirò owó tó pé pérépéré, inú Enterprise, ìyẹn èyí tí wọ́n ń sanwó fún, ló wà, iye èèyàn tó ń lò ó ni wọ́n sì fi ń ka owó ẹ̀. Èèyàn mẹ́fà! A ń ṣọ́ owó ná, èèyàn mẹ́ta wá ń lo password kan ṣoṣo, kò pẹ́ tí wọ́n ń bi ara wọn ta ló ta aṣọ fún ẹni tí ò sanwó. Ẹ̀bi tiwa nìyẹn, kì í ṣe ti Odoo.

ERPNext la wà lórí ẹ̀ báyìí. Ilẹ̀ Íńdíà ló ti wá, open source ni, ìyẹn ni pé kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti lò, ẹ lè gbé e sórí ẹ̀rọ tiyín kẹ́ ẹ má sanwó lórí orí èèyàn kankan. Bọ̀dá kan ládùúgbò gbé e sórí kọ̀ǹpútà kékeré kan ní ṣọ́ọ̀bù, ínfátà gbé e ró, fóònù wa ń bá a sọ̀rọ̀ lórí wáífáì láìná dátà. A sọ fún un pé ìgàn kan jẹ́ yáàdì 30, ó ń ṣe ìyípadà ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní BOM ló mú mi gbà fún un: ẹ máa kọ ohun tó wọ inú àdìrẹ kan sílẹ̀ bí ẹni ń ka èròjà ọbẹ̀, ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá ṣe ogún, ó máa yọ aṣọ, aró àti àbẹ́là kúrò nínú stọ́ọ̀. Bó ṣe hàn nìyẹn pé àdìrẹ alábẹ́là tá a ń tà níye kan náà pẹ̀lú èyí tá a dì ń ná wa jù ú lọ. Mo sáré lọ sọ fún màmá. Wọ́n ní, "Mi ò ti ń sọ ọ́ látọjọ́ yìí?"

Wàhálà ẹ̀ ò kéré o. Odindi ọ̀sẹ̀ kan la fi to ọjà sínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ Submit, ó dà bí aṣọ tó ti gba aró, ẹ ò lè kàn pa á rẹ́, àfi kẹ́ ẹ Cancel kẹ́ ẹ tún un ṣe, Àǹtí tó ń kọ ìwé wa sì bínú sí i fún oṣù kan gbáko. Kò sí ẹni tẹ́ ẹ máa pè, backup, ìyẹn ṣíṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ pa mọ́, wà lọ́wọ́ yín, èmi fúnra mi ló ń kó o sínú fláàṣì ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Tí ò bá sí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà nítòsí yín, ẹ sanwó fún èyí tí wọ́n ń bá yín gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má fọwọ́ ara yín fa irú ẹ̀.

Màmá ò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn títí dòní. Tílẹ̀ bá ti ṣú wọ́n á ní kí n ka àwọn tó jẹ wá lówó, wọ́n á máa fi wé ti orí wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì, orí wọn ló tọ̀nà, a ti gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.