ÌKÌLỌ̀: Ẹ má sanwó fún MacBook tí Apple kò tíì kéde!

Ẹ̀yin tí ẹ ń retí MacBook Pro tuntun, kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ Apple, èyí tí wọ́n ní ojú rẹ̀ yóò jẹ́ OLED (irú ojú tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀), tí wọ́n ní a ó máa fọwọ́ kàn án lójú bíi fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí kẹ́ ẹ tó fi owó yín lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kò sí ontàjà tó ní kọ̀ǹpútà náà. Kò sí ẹni tí wọ́n yọ ọ́ fún ní kọ̀rọ̀. Títí di àsìkò tí mò ń kọ èyí, Apple kò tíì kéde rẹ̀, wọn ò dárúkọ rẹ̀, wọn ò sọ iye tí wọn yóò tà á. Ẹni tó bá ní òun ti ní in nílẹ̀, olè ni. Mo tún un sọ: olè ni.

Owó mi ti lọ. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí.

Ìpolówó ni mo kọ́kọ́ rí. MacBook dúdú kan, ó tín-ín-rín, ihò kékeré bíńtín ni wọ́n fi kámẹ́rà sí lókè ojú rẹ̀ dípò àlàfo dúdú tó ti wà lórí MacBook Pro láti ọdún 2021. Ìka ẹnìkan wà lójú rẹ̀ tó ń fa àwòrán lọ sápá ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ kò gùn: "OLED. Touch. Àrà tuntun. Ẹ tètè san àsansílẹ̀, ọjà ò pọ̀."

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ojúkòkòrò ló kó bá mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi gbà á gbọ́. Kì í ṣe ọkùnrin tó ṣe ìpolówó náà ló dá ọ̀rọ̀ náà sọ. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Mark Gurman, akọ̀ròyìn ilé iṣẹ́ ìròyìn Bloomberg, ti kọ ọ́ pé Apple ń ṣiṣẹ́ lórí Mac tí a lè fọwọ́ kàn lójú, pé OLED ni wọ́n fẹ́ lò fún un. Ní 2025, Ming-Chi Kuo, tó máa ń tọpasẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà ara ẹ̀rọ fún Apple, sọ ohun kan náà. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Gurman tún padà wá: ó ní ibi tí ojú ẹ̀rọ náà ti so mọ́ ìdí rẹ̀ yóò le sí i kó má baà máa mì nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, ara rẹ̀ yóò fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú ihò ni kámẹ́rà yóò wà, ó sì lè jáde ní ìparí 2026 tàbí ìbẹ̀rẹ̀ 2027. Apple fúnra wọn ti fi OLED sójú iPad Pro ní oṣù Kárùn-ún ọdún 2024, torí náà kì í ṣe ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Fídíò ni mò ń tò jẹun. Àwọ̀ tó péye lójú kọ̀ǹpútà, oúnjẹ mi ni. Gbogbo ìròyìn yìí ni mo ti kà, gbogbo rẹ̀ ló sì wà nínú ìpolówó ọkùnrin yìí, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí mi mú. Àhesọ tí èmi fúnra mi ti mọ̀ ló kó jọ, ló wá tà á padà fún mi.

Ohun tó yẹ kí n rántí ni pé ìròyìn ti 2023 yẹn ní ó ṣeé ṣe kó jáde ní 2025. 2025 dé, 2025 lọ. Èyí tí Apple gbé jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, MacBook Pro oní-M5 (M5 ni orúkọ ọpọlọ inú rẹ̀), ìrísí kan náà ni pẹ̀lú ti 2021: àlàfo dúdú lókè, ojú mini-LED tí kì í ṣe OLED, kò sí pé à ń fọwọ́ kàn án. Àwọn akọ̀ròyìn kò purọ́ o. Ohun tí ilé iṣẹ́ ń gbèrò ni wọ́n ń sọ, èrò sì máa ń yí padà. Ṣùgbọ́n èrò kì í ṣe ọjà! Kò sẹ́ni tó lè dì í sínú páálí!

Mo bi ọkùnrin tó ń polówó náà léèrè. Ẹ má rò pé mo kàn gbówó sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi oògùn mú. Mo ní, "Ṣé Apple ti kéde rẹ̀ ni?" Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ̀yin lẹ̀ ń dúró de ìkéde, àwa tá a mọ ọ̀nà kì í dúró." Ó ní àbúrò òun wà nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tò ó ní Ṣáínà, pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n máa ń yọ síta kí ayé tó gbọ́. Mo ní kó fi fídíò hàn mí. Ó fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, fídíò náà sì dán gbinrin. Ẹ̀yìn tí owó ti lọ ni mo tó wá a kiri, tí mo sì rí ojúlówó rẹ̀: iṣẹ́ ọwọ́ ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà kan tó fi àhesọ ya ohun tó rò pé MacBook náà yóò jọ. Ayàwòrán náà kọ ọ́ gàdàgbà sí ìparí fídíò rẹ̀ pé àfinúrò lásán ni. Olè yìí gé ibẹ̀ kúrò. Ó jókòó, ó mú fídíò olójú-ire, ó sì gé òtítọ́ kúrò nínú rẹ̀!

Àsansílẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí n san ìyókù kí wọ́n lè tú ẹrù náà sílẹ̀. Mo fẹ́ fi káàdì san án, ó ní káàdì máa ń pẹ́ kó tó wọlé, pé ẹlòmíì ti ń nawọ́ sí tèmi. Mo fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀. Kí n tó sanwó, "ẹ jọ̀ọ́", "ẹ má bínú", "ọ̀gá mi" ni. Nígbà tí owó wọlé tán, "ìwọ" ló ń pè mí.

Inú páálí funfun ló gbé e wá, wọ́n fi ọ̀rá dì í rékété. Mo ṣí i. Ike dúdú ni wọ́n fi bò ó látòkè délẹ̀, ó ní ilé iṣẹ́ ló fi dáàbò bò ó. Mo tan án, ó tàn. Mo fi ìka kan ojú rẹ̀, kò mira. Mo fi ìka méjì fà á bíi ti inú fídíò yẹn. Kò sí nǹkan kan, àfi ipa òróró ọwọ́ mi tó wà lójú dígí. Mo ní bóyá ibi kan wà tí wọ́n ti máa ń ṣí i; mo wọ inú ètò rẹ̀, mo wá a títí. Mo pè é.

Ó ní kí n wo òkè kíbọ́ọ̀dù. Dígí tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń tàn, ibi tó yẹ kí bọ́tìnnì F1 dé F12 wà. Ó ní, "Touch lo fẹ́, àbí? Fọwọ́ kàn án. OLED lo fẹ́? OLED nìyẹn." Ó sì pa fóònù.

Ẹ gbà mí o! Touch Bar ni! Touch Bar tí Apple gbé jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, tí wọ́n yọ kúrò nígbà tí wọ́n ṣe MacBook Pro 14-inch àti 16-inch ní 2021, tí MacBook Pro 13-inch oní-M2 tó kù tó ṣì ní in kúrò lọ́jà ní 2023. Ohun tó dùn mí dé eegun ni pé dígí tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, OLED ni lóòótọ́, à ń fọwọ́ kàn án lóòótọ́. Ọkùnrin yìí ti to ọ̀rọ̀ ìpolówó rẹ̀ kalẹ̀ kí n má baà rí ibi dì í mú. Kì í ṣe àṣìṣe, kì í ṣe pé wọ́n gbé ọjà kan fún un ní ipò òmíràn. Ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo fi ọ̀bẹ tú ike dúdú yẹn, torí gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Abẹ́ ẹ̀rọ náà ni Apple máa ń kọ nọ́ńbà irú rẹ̀ sí, lẹ́tà wẹ́wẹ́ ni. A1706. Ti 2016 àti 2017 ni nọ́ńbà yẹn. Èyí tó tà fún mi, 2016 ni: macOS Monterey, ètò ìṣiṣẹ́ Mac tó jáde ní 2021, ni ìpẹ̀kun èyí tó lè gbà. Ihò USB-C mẹ́rin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí HDMI tí a fi ń so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kò sí ibi tí a ń ki káàdì kámẹ́rà bọ̀, kò sí MagSafe, ihò ṣájà oní-mágínẹ́ẹ̀tì, gbogbo ohun tí Apple dá padà ní 2021. Kíbọ́ọ̀dù "butterfly" ló wà lórí rẹ̀, irú kíbọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ tó máa ń kọṣẹ́, èyí tí ẹjọ́ rẹ̀ dé kóòtù ní Amẹ́ríkà tí Apple fi gbà ní 2022 láti san mílíọ̀nù 50 dọ́là. Bí mo bá tẹ E lẹ́ẹ̀kan, ó lè jáde lẹ́ẹ̀mejì, ó lè má jáde rárá. Ètò tí wọ́n fi ń tún irú kíbọ́ọ̀dù yẹn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ọdún 4 péré ni lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́kọ́ ta ẹ̀rọ náà, ó ti kọjá lọ tipẹ́. Kì í ṣe Apple ni mò ń bá jà. Ẹni tó fi ike bo nọ́ńbà yẹn mọ́lẹ̀ ni mò ń bá jà!

Ẹnìkan nílé bi mí pé, "Ìwọ tó o mọ kọ̀ǹpútà tó báyìí?" N kò rí èsì fún un. Ó yẹ kí n mọ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa OLED, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ fi OLED tàn án? Àwa tí a ń ka ìròyìn, tí ara wa ti wà lọ́nà, àwa gan-an ni wọ́n dẹ okùn sílẹ̀ dè. Báńkì sì ní ọwọ́ ara mi ni mo fi fi owó ránṣẹ́, pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe.

Mi ò gba ontàjà kankan gbọ́ mọ́. Kódà èyí tó rẹ́rìn-ín sí mi lánàá tó ń ta ṣájà, ojú olè ni mo fi wò ó. Àwọn tó ń kọ ọ́ kiri pé "ó ti jáde" nígbà tí kò tíì jáde náà lọ́wọ́ sí i, torí àwọn ló ń palẹ̀ mọ́ fún àwọn olè yìí. Ẹ ń fi àhesọ wá òǹkàwé, àwa là ń fi owó wa san án!

Ẹ wo ojú òpó Apple fúnra wọn kí ẹ tó sanwó. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò sí níbì kankan. Apple kì í gba àsansílẹ̀ lórí ohun tí wọn ò tíì kéde. Àlòkù lẹ fẹ́ rà? Ẹ yọ ohunkóhun tó bá bo abẹ́ rẹ̀, kí ẹ ka nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A. Ẹ tẹ àmì Apple lókè ojú rẹ̀, kí ẹ ṣí About This Mac, kí ẹ wo serial number rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì lọ tẹ̀ ẹ́ sí checkcoverage.apple.com, ojú òpó Apple. Bí wọn kò bá jẹ́ kí ẹ tan án lójú wọn, ẹ dìde. Bí ẹ̀rọ náà bá béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, tàbí tó kọ Remote Management síwájú yín, ìyẹn ni pé ilé iṣẹ́ kan ṣì ń darí rẹ̀ láti òkèèrè, ẹ dìde pẹ̀lú. Káàdì ni kí ẹ fi sanwó, torí a ṣì lè bá ilé iṣẹ́ káàdì jà.

Ọkùnrin náà ti pààrọ̀ orúkọ. Mo mọ̀ ọ́n nípa bó ṣe ń kọ̀wé àti ike dúdú yẹn. Kọ̀ǹpútà Apple tó ń ká sí méjì, tí ojú rẹ̀ gba gbogbo inú rẹ̀ láìsí kíbọ́ọ̀dù, ló ń polówó báyìí. Àhesọ nìyẹn náà, Apple kò kéde rẹ̀ rí. Ó ti ń gba àsansílẹ̀ lórí rẹ̀, ó ní ọjà ò pọ̀. Ẹ má san án.