Ọkọ̀ ogun tí Bàámi fara tì: ohun tí ojú mi rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń dá fọ́tò ogun àtijọ́ mọ̀

"Ta ló kọ Saladin síbí yìí?"

Bàbá Kọ́púrà kò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi béèrè. Ìwé ètò ìrántí Bàámi ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ṣí i sí ojú ewé kejì tí mo tẹ fọ́tò Bàámi àti ọkọ̀ ogun kan sí gàdàgbà, tí mo sì kọ Saladin sábẹ́ rẹ̀ pé orúkọ ọkọ̀ náà nìyẹn. Ilé kún fọ́fọ́: ẹbí láti Ògbómọ̀ṣọ́, ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ Màámi pẹ̀lú aṣọ ẹbí lọ́rùn. Mo ní, "Èmi ni, sà." Wọ́n tún wo ìwé náà, wọ́n fi èékánná tẹ ọkọ̀ inú fọ́tò. "Ẹ̀yìn la máa ń gbà wọ ọkọ̀ yìí, ọmọ mi. Ilẹ̀kùn méjì ló ní lẹ́yìn. Èmi àti bàbá rẹ la jọ ń jókòó síbẹ̀ tí orúnkún wa ń kan ara wọn. Saladin kì í kó ṣójà sẹ́yìn. Ta ló sọ fún ọ?"

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ìwé 150 ni mo tẹ̀, wọ́n sì ti pín gbogbo rẹ̀ tán.

Ilé-iṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló sọ fún mi. Ìlú Ọba ni wọ́n wà, iṣẹ́ wọn ni kí èèyàn fi fọ́tò ogun àtijọ́ ránṣẹ́, kí wọ́n sọ orúkọ ọkọ̀ ogun tàbí àgbá tó wà nínú rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ló ní irú fọ́tò báyìí nínú àpótí, torí náà ni mo ṣe fẹ́ ro gbogbo bó ṣe lọ, búburú àti rere rẹ̀.

Ní 1967 tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ni Bàámi wọṣẹ́ ṣójà. Ọ̀dọ̀ àwọn 3 Marine Commando ni wọ́n wà, ìyẹn ọmọ ogun Benjamin Adékúnlé tí gbogbo ayé ń pè ní Black Scorpion, títí di oṣù karùn-ún 1969 tí Ọbásanjọ́ gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Bàámi kì í sọ̀rọ̀ ogun. Fọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n mú bọ̀. Wọ́n fi ìgúnpá ti ọkọ̀ onírin kan, fìlà ṣójà wọn dagun díẹ̀, wọn kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ya fọ́tò náà gé orí ọkọ̀ kúrò, nítorí náà a kò rí ìbọn kankan. Táyà mẹ́ta la rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn pé "Port Harcourt, 1969". Láti kékeré la ti ń pè é ní táńkì Bàámi. Nígbà tí ìrántí ọdún kẹwàá ń bọ̀, mo ní kí n kúkú mọ orúkọ rẹ̀ gan-an, kí n má fi orúkọ ọmọdé kọ ọ́ sínú ìwé tí àgbà máa kà.

Mo san £30. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta ni èsì máa gbà, wákàtí 14 péré ló gbà. Mo yọ̀ sí i nígbà náà. Àṣé ó yẹ kí ìyẹn ti kọ mí lóminú.

Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ dára lójú. Ojú ewé méjì, òǹtẹ̀ aláwọ̀ búlúù nísàlẹ̀, àti ìlà kan tó ní ó dá wọn lójú ní ìwọ̀n 98%. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Alvis Saladin ni, pé Coventry ni wọ́n ti ṣe é, pé ìbọn rẹ̀ jẹ́ 76 mm, pé èèyàn mẹ́ta ló ń wà nínú rẹ̀ lójú ogun. Kò sí irọ́ nínú ohun tí wọ́n kọ nípa Saladin. Àìda ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ mìíràn ni Bàámi fara tì.

Alẹ́ ọjọ́ ìrántí yẹn gan-an ni mo kọ̀wé sí wọn, ní aago 11 ku díẹ̀, àwọn àga tí a háyà ṣì wà níta. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Bàbá Kọ́púrà. Èsì àkọ́kọ́ dé láàárọ̀: ẹ ṣé tí ẹ kàn sí wa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kún fọ́ọ̀mù yìí. Mo kún un. Èsì kejì dé lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó ní fọ́tò mi ni kò mọ́ tó. Mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti skáànù rẹ̀ ní Mòkólá, mo ní kí wọ́n tún un ṣe kó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo fi ránṣẹ́. Èsì kẹta ló bí mi nínú jù lọ. Ó ní àmọ̀ràn lásán ni èsì wọn, kì í ṣe ẹ̀rí, pé ó wà nínú àdéhùn tí mo fọwọ́ sí. Mo bá tún ṣí ìwé olóǹtẹ̀ yẹn. Kò síbi tí wọ́n ti kọ "àmọ̀ràn" sí nínú ojú ewé méjèèjì. Tó bá jẹ́ àmọ̀ràn ni, kí ni òǹtẹ̀ ń wá níbẹ̀? Èsì kẹrin ní kí n gba ẹ̀dínwó 20% lórí fọ́tò mìíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan náà ló fọwọ́ sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì dárúkọ Bàbá Kọ́púrà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ náà nìyẹn.

Mo kọ ìwé karùn-ún. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Mo kàn sọ fún wọn pé ẹni ọgọ́rin ọdún kan wà ní Ìbàdàn tó lè sọ ibi tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ yẹn wà, àti pé mi ò fẹ́ owó mi mọ́, ìdáhùn ni mo fẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, fóònù mi dún, nọ́ńbà òkèèrè. Obìnrin kan ní, "Ẹ káàsán sà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú." Yorùbá tó já gaara. Ó ní òun ni ọ̀gá tó máa ń tún èsì yẹ̀ wò, wọn kò sì gbé tèmi dé iwájú òun rí. Ẹ̀rọ ló wo fọ́tò mi, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kàn fi òǹtẹ̀ lù ú ni. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò fi bò mí lójú.

Ó wá ní kí n gbé fọ́tò náà síwájú. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 40 la fi sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀rọ ka táyà mẹ́fà, ó sì dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Alvis ṣe ọkọ̀ ogun méjì tí wọ́n jọ bí ìbejì nísàlẹ̀, Saladin àti Saracen, táyà mẹ́fà mẹ́fà, ẹsẹ̀ kan náà. Òkè ni wọ́n ti yàtọ̀. Nínú Saladin, awakọ̀ ló wà níwájú pátápátá, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, ìbọn ńlá sì wà lókè. Ti Saracen, ẹ́ńjìnnì ló wà níwájú, awakọ̀ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ìdí ọkọ̀ jẹ́ yàrá tó ń gba ṣójà bíi mẹ́sàn-án, ilẹ̀kùn méjì ló sì ṣí sí ẹ̀yìn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ibi tí ìgúnpá Bàbá wà. Kí lẹ rí lábẹ́ rẹ̀?"

Ọdún mélòó ni mo ti ń wo fọ́tò yẹn? Mi ò wo abẹ́ ìgúnpá rí. Àwọn irin pẹlẹbẹ wà níbẹ̀, wọ́n tò ní ìpele ìpele bí fèrèsé ilé àtijọ́ tó ń gba afẹ́fẹ́, wọ́n sì wà níwájú ọkọ̀ gan-an. Ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí ni. Kò sí irú rẹ̀ níwájú Saladin. Bàámi fi ìgúnpá lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí dẹ́rẹ́bà ṣe máa ń ṣe ní gáráàjì.

Ó sọ fún mi pé Saracen ló kọ́kọ́ jáde, ní nǹkan bí 1952, torí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń jagun ní Malaya nígbà náà, wọ́n sì nílò ohun tó máa kó ṣójà ju ohun tó máa yìnbọn ńlá lọ. Ọdún 1958 ni Saladin tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó ní ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ lo méjèèjì nínú ogun abẹ́lé wa, pẹ̀lú Ferret, èyí kékeré onítáyà mẹ́rin tó máa ń gbé táyà àfirọ́pò sí ẹ̀gbẹ́ ara. Ó wá ní kí n bá òun fún Bàbá Kọ́púrà ní fóònù nígbà tí mo bá lè rí wọn. Mo ní mo wà lọ́dọ̀ wọn báyìí. Òótọ́ ni, mo ti kúrò nílé mi bọ́ sọ́dọ̀ wọn nígbà tí ọ̀rọ̀ ń dùn. Mo gbọ́ tó ń kí wọn, "Ẹ kú àtijọ́, sà. Ẹ kú ewu ogun." Wọ́n gbé fóònù mọ́ etí, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tó ń jókòó lápá ọ̀tún, lẹ́yìn náà lápá òsì. Orúkọ Bàámi ni ìkẹta lápá òsì.

Ká ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí, ó tó mi. Ṣùgbọ́n mo ti mẹ́nu ba fọ́tò kejì nínú fọ́ọ̀mù wọn, ti Bàbá àgbà, bàbá tó bí Bàámi, tí wọ́n lọ jagun ní Bọ́mà. Obìnrin yìí rántí. Ó ní kí n fi ránṣẹ́, òun ò ní gba kọ́bọ̀.

Àgbá kékeré kan ló wà nínú ìyẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yà sẹ́yìn bí ẹni jókòó na ẹsẹ̀, irin pẹlẹbẹ wà níwájú rẹ̀ bí apata. Wọ́n kọ "Kaladan" sẹ́yìn fọ́tò. Ó dá mi lóhùn lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó ní kí n wo ọwọ́ aṣọ Bàbá àgbà, àmì aláǹtakùn wà níbẹ̀, Ananse tí àwọn ará Gánà máa ń pa àlọ́ rẹ̀. Àmì 81st West African Division nìyẹn, àwọn tó gba àfonífojì Kaladan wọ Arakan ní 1944. Ó ní kí n wá wo ọ̀pá àgbá náà dáadáa, mo máa rí òrùka irin tó ki láàárín rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú u sí méjì. Àgbá orí òkè oní 3.7 inch ni, láti 1917 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lò ó, wọ́n ṣe é kó lè túká kí ìbaaka 8 máa rù ú. Ṣùgbọ́n nínú igbó Kaladan, orí èèyàn ló ru ẹrù.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo dìde lórí àga. Gbogbo ọmọ ilé wa ló mọ ọ̀rọ̀ kan tí Bàbá àgbà máa ń sọ bí wọ́n bá ń fọwọ́ pa àtàrí: "Orí yìí ti ru irin rí." A rò pé àpèjúwe ìyà ni. Bí ọmọ bá ń ráhùn nípa garawa omi, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n á fi pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́n kú láìsí ẹnikẹ́ni nínú wa tó béèrè irin wo ni. Mo pe Màámi, mo kà á fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Ọ̀pá àgbá? Lórí?" Wọn kò sọ ohun mìíràn fún ìgbà pípẹ́.

Nísàlẹ̀ ìwé rẹ̀, obìnrin náà kọ pé fọ́tò náà kò lè sọ ẹgbẹ́ oníbọn tí Bàbá àgbà wà gan-an, òun ò sì ní méfò. Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Ká ní wọ́n kọ irú rẹ̀ sórí fọ́tò Bàámi látìbẹ̀rẹ̀, "táyà mẹ́fà la rí, a ò rí òkè rẹ̀, ó lè jẹ́ èyí tàbí èyí," ǹ bá ti gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Kọ́púrà kí n tó tẹ̀wé. £30 kò pọ̀ jù fún "kò dá wa lójú".

Ẹni tó bá fẹ́ lò wọ́n, kó fi ẹ̀yìn fọ́tò ránṣẹ́ pẹ̀lú iwájú rẹ̀, kó sì béèrè kí èèyàn wò ó kó tó sanwó. Kó sì kọ́kọ́ gbé fọ́tò náà lọ bá àgbà tó wà láàyè. Èmi náà kì í béèrè: bárékè ṣójà Letmauk tí mò ń gbà kọjá lójoojúmọ́ ní Mòkólá, orúkọ ojú ogun Bọ́mà ni wọ́n fi sọ ọ́, mi ò sì rò ó wò rí títí di oṣù yìí.

Wọ́n dá £30 mi padà láìjẹ́ pé mo béèrè. Mo fi tẹ ìwé pélébé pélébé tí wọ́n kọ "Alvis Saracen, Port Harcourt, 1969" sí, èyí tí mò ń lẹ̀ mọ́ orí àṣìṣe náà láti ilé dé ilé. Ti Bàbá Kọ́púrà ni mo kọ́kọ́ lẹ̀. Mo ti dé ìkọkànlélọ́gọ́ta. Ó ku 89, àwọn kan sì ti wà ní Èkó àti Kàdúná, mi ò mọ bí mo ṣe máa bá wọn.

Máàkì mi: 2 nínú 5.

Fọ́tò kẹta wà ní ṣọ́ọ̀bù skáànù lọ́wọ́lọ́wọ́. Obìnrin yẹn ni mo kọ orúkọ rẹ̀ sí iwájú àpòòwé.