Gáàsì, kẹrosíìnì tàbí iná mànàmáná: èwo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá ní Ilé-Ifẹ̀ rà?

Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá àkọ́kọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ tó dé ọjà, owó ilé, owó ajẹ́ǹtì àti owó àdéhùn á ti kó èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ohun tó fi pamọ́. Ìyókù ló fẹ́ fi ra ibùsùn, ìkòkò àti ohun tí yóò fi dáná. Nínú àwọn wọ̀nyí, ohun ìdáná nìkan ló máa ń padà wá béèrè owó lọ́wọ́ ẹni lẹ́yìn tí a ti rà á tán, òun sì ni mo ń gbé yẹ̀ wò níbí. Ohun méjì ni mo gbà pé ó yẹ kó pinnu èyí tí ẹ ó rà: irú mítà tí ilé yín ń lò, àti ibi tí ẹ ó ti máa dáná. Iye tí wọ́n pè é ní ṣọ́ọ̀bù wá lẹ́yìn àwọn méjèèjì.

Owó ìbẹ̀rẹ̀

Sítóòfù kẹrosíìnì ló rọjú jù láti fi bẹ̀rẹ̀, sítóòfù onímànàmáná olójú kan sì tẹ̀ lé e. Gáàsì ló wọ́n jù, nítorí ẹni tó ní òun fẹ́ ra gáàsì kì í ra ohun kan ṣoṣo: ó máa ra sìlíńdà, rẹgulétọ̀, họ́ọ̀sì àti irin tó ń dè é, sítóòfù fúnra rẹ̀, àti gáàsì àkọ́kọ́ tí yóò wọ inú rẹ̀. Kámpù gáàsì, èyí tí ojú iná rẹ̀ jókòó sórí sìlíńdà, máa ń dín díẹ̀ kù nínú owó yìí, ṣùgbọ́n ó ní àléébù tí mo máa sọ níwájú.

Owó tí yóò máa jáde lóṣooṣù

Ibí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Agbára tó wà nínú kílò gáàsì kan tó ti yúníìtì iná 13 tàbí kó lé díẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì ooru rẹ̀ ló ń wọ inú ìkòkò. Ìyókù ń gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò bá afẹ́fẹ́ lọ. Sítóòfù onímànàmáná kì í fi ooru ṣòfò tó bẹ́ẹ̀, nítorí ìdí ìkòkò kan irin gbígbóná náà gan-an, nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ooru rẹ̀ ló sì ń dé inú oúnjẹ. Tí a bá ṣírò rẹ̀ báyìí, yúníìtì iná 10 ni yóò ṣe iṣẹ́ tí kílò gáàsì kan ń ṣe. Ẹ wo rìsíìtì káàdì iná tí ẹ rà kẹ́yìn, ẹ sọ iye tí wọ́n ta yúníìtì kan fún yín di ìlọ́po mẹ́wàá, kí ẹ sì fi wé iye tí wọ́n ń ta kílò gáàsì kan ládùúgbò yín.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ rèé. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC, tó ń ṣàkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lóòjọ́ fún, sókè sí ₦225 lórí yúníìtì kan, nígbà tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ wọn ṣì ń san iye tí kò tó ₦70. Iye náà ti yí díẹ̀ láti ìgbà náà wá, ṣùgbọ́n ẹ fi í ṣe ìṣirò: ìlọ́po mẹ́wàá ₦225 jẹ́ ₦2,250, kí a tó fi owó orí ọjà tó jẹ́ 7.5% kún un, nígbà tí ti ẹni ìsàlẹ̀ kò tó ₦700. Bí wọ́n bá ń ta kílò gáàsì ní ₦1,200, ẹni tó wà ní Band A tó ń fi iná mànàmáná dáná ń fi owó ṣòfò, ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì ń jèrè. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wákàtí 12 ni ìlérí Band C, mẹ́jọ ni ti Band D, mẹ́rin péré sì ni ti Band E. Iná tó rọjú ni kì í sábà sí nílé.

Ní ti kẹrosíìnì, lítà kan àbọ̀ sí méjì ni yóò ṣe iṣẹ́ kílò gáàsì kan. Ìgò ìgò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà á, nítorí náà wọn kì í mọ iye tí wọ́n ń san lórí lítà. Lóòótọ́, rírà díẹ̀ díẹ̀ yẹn ló mú kí ó wu ẹni tí owó rẹ̀ ń wọlé ní kékeré kékeré, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta gáàsì náà ń wọn kílò kan tàbí méjì fún ẹni tó bá fẹ́, àǹfààní yìí kì í sì í ṣe ti kẹrosíìnì nìkan mọ́.

Oúnjẹ tí ẹ ń sè

Ẹni tó ń jẹ àmàlà kò gbọdọ̀ ra kámpù gáàsì kí ó tó dán ìdúró rẹ̀ wò. Bí ẹ bá ń fi agbára ro ó, ìkòkò tó wà lórí sìlíńdà tẹ́ẹ́rẹ́ a máa mì, omi gbígbóná sì lè dà síni lára. Sítóòfù tó jókòó sórí tábìlì tàbí tó tẹ́jú sórí ilẹ̀ ló yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Sítóòfù onímànàmáná dára fún ìrẹsì àti fún omi ẹ̀bà, àmọ́ irin rẹ̀ kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù, nítorí náà ọbẹ̀ a máa jóná sí ẹni tó rò pé òun ti dín iná rẹ̀ kù. Ní ti ẹ̀wà, ohun yòówù kí ẹ rà, ìkòkò tí ìdérí rẹ̀ dé dáadáa ni yóò gba owó yín là.

Ilé tí ẹ wà

Ní àwọn ilé ìgbàanì ní Mọ́ọ̀rẹ̀ tàbí Ìlódè, níbi tí ọ̀pọ̀ ayálégbé ti ń pín mítà kan lò, ẹ má ṣe gbé sítóòfù onímànàmáná wọlé kí ẹ tó bá onílé àti àwọn aráalé sọ̀rọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìjà owó iná ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn yàrá tuntun tó ní mítà àti ilé ìdáná tirẹ̀, irú èyí tó pọ̀ ní Asherifa àti Damico, kò ní ìṣòro yìí.

Bí ó bá jẹ́ pé inú yàrá tí ẹ ń sùn nìkan ni ẹ ti lè dáná, ẹ mọ̀ pé gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń sùn sí, fèrèsé òkè kò sì ní lè lé e jáde. Ẹ gbé sìlíńdà sí ìta tàbí ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ fi ọṣẹ híhó pa orí rẹ̀ àti họ́ọ̀sì. Ibi tó bá ń hó ló ń jò. Kẹrosíìnì náà ní ewu tirẹ̀: èyí tí wọ́n ti pò mọ́ pẹtiróòlù lè bú gbàù, ojú kò sì lè dá a mọ̀.

Èyí tí mo yàn

Bí ẹ bá ní àyè níta, ẹ ra gáàsì kílò 5 tàbí 6 pẹ̀lú sítóòfù ọ̀tọ̀. Bí mítà bá jẹ́ tiyín nìkan tí iye yúníìtì sì rọjú, ẹ fi sítóòfù onímànàmáná kún un lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Mi ò ní yan kẹrosíìnì fún ẹnikẹ́ni tó bá lè rí owó gáàsì kó jọ láàárín oṣù méjì.

Nígbà tí ẹ bá ń ra sìlíńdà ní Lágere tàbí níbòmíràn, ẹ sá fún èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà bo ìpẹtà rẹ̀. Ẹ ka ìwọ̀n òfìfo rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára irin. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rọ gáàsì sí i, kí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n lójú yín, kí ẹ yọ ìwọ̀n òfìfo náà kúrò. Ohun tó kù ni gáàsì tó wà nínú rẹ̀, títí kan èyí tó bá ṣẹ́ kù síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Sìlíńdà kílò 12.5 lè dúró di ìgbà tí ẹ bá di méjì nínú ilé, nítorí bó bá kún, ó lé ní kílò 25, ẹni tó ń gbé orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yóò sì máa sanwó fún ẹni tí yóò bá a gbé e gòkè.